Ọmọ mu kẹrosíìnì: kí ló dé tí epo pupa fi ń dá kún ìyà rẹ̀?

Ọwọ́ mi ni ṣíbí epo pupa náà wà lọ́jọ́ náà. Ìgbógbó ní Ìkòròdú là ń gbé nígbà yẹn, nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ tó dojú kọra wọn, tí kálukú ń gbé sítóòfù sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjì. Ìyá rẹ̀ máa ń ra ẹja tútù létí ọ̀sà ní Báyékù wá yan. Ó ti bu kẹrosíìnì sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò pé òun fẹ́ fi dá iná. Kó tó wọlé mú ìṣáná jáde, ọmọ ti gbé ìgò sẹ́nu.

Ikọ́ la kọ́kọ́ gbọ́, ikọ́ gbígbẹ tí kò dáwọ́ dúró. Ìyá Àgbà tó wà ní yàrá kejì ké jáde pé, "Epo! Ẹ fún un lépo mu kó lè bì í!" Èmi ni mo sáré wọlé lọ bu epo. Ṣíbí mẹ́ta wọlé, ọmọ bì, gbogbo wa sì figbe ọpẹ́ ta pé ó ti bì í, Ọlọ́run ṣeun. A rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Nígbà tó máa fi di wákàtí kẹta, ihò imú ọmọ ti ń fẹ̀ bó ṣe ń mí, ara rẹ̀ gbóná janjan, àárín egungun ìhà rẹ̀ sì ń wọnú. Ọjọ́ mẹ́fà ló lò nílé ìwòsàn, mẹ́rin nínú rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà afẹ́fẹ́ nímú. Ó yè é. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ pè wá jókòó, ó fi sùúrù ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wa, kò sì bá wa wí.

Jẹ́léósinmi ni mo ń ṣe báyìí. Mo máa ń sọ àlàyé dókítà yẹn fún gbogbo òbí tó bá gbé ọmọ wá, ìbéèrè kan náà sì ni wọ́n ń bi mí: "Ṣebí inú ikùn ni kẹrosíìnì wọ̀? Tó bá ti jáde kúrò níbẹ̀, ṣé kò ti tán ni?" Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Èmi náà ì bá bi í lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀fun. Ọ̀nà méjì ló pàdé níbẹ̀: ọ̀nà oúnjẹ tó lọ sí ikùn, àti ọ̀nà èémí tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ìdérí kékeré kan wà lórí ọ̀nà èémí tó máa ń pa dé nígbà tí a bá ń gbé nǹkan mì. Ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa fún omi, fún ẹ̀kọ, fún ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹrosíìnì fúyẹ́, ó ń yọ̀, kò sì sí àlàfo tí kò lè yọ́ gbà. Ẹni tó bá ti dúró ní èbúté Ìpakodò á ti rí i bí ẹ̀kán epo kan tó kán láti ara ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe máa ń tàn káàkiri lẹ́ẹ̀kan náà, táá máa dán bí òṣùmàrè. Bó ṣe ń ṣe lójú omi ló ń ṣe lọ́fun ọmọ. Kí ìdérí yẹn tó pa dé tán, díẹ̀ nínú rẹ̀ ti yọ́ gba ọ̀nà èémí. Ìdí nìyí tí ọmọ fi ń wúkọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ikọ́ yẹn ń sọ fún wa pé kẹrosíìnì ti dé ibi tí kò yẹ kó dé.

Nínú ikùn, kẹrosíìnì kì í fi bẹ́ẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀. Ó lè run ọmọ nínú, ó lè mú kó yàgbẹ́ gbuuru, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni ikú ti sábà máa ń wá. Ẹ̀dọ̀fóró ni. Inú ẹ̀dọ̀fóró kún fún àwọn àpò afẹ́fẹ́ tíńtìntín tí ojú lásán kò lè rí, Ẹlẹ́dàá sì fi nǹkan olómi kan tó ń yọ̀ bí ọṣẹ pa wọ́n nínú kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́ra. Nǹkan olómi yìí ni kẹrosíìnì máa ń bà jẹ́. Àwọn àpò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ pọ̀, wọ́n á wú, omi á máa sun sínú wọn, ọmọ á sì máa fi gbogbo agbára mí láìrí afẹ́fẹ́ tó tó gbà. Ìwọ̀nba ẹ̀kán díẹ̀ ti tó láti ṣe gbogbo èyí tó bá ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀kún ẹnu kan tó wà nínú ikùn lè bá ìgbẹ́ jáde láìṣe ọmọ ní nǹkan kan.

Ẹ wá wo ohun tí mo fi ṣíbí mi ṣe. Kẹrosíìnì ti kọjá oríta yẹn lẹ́ẹ̀kan nígbà tó ń lọ sísàlẹ̀, díẹ̀ sì ti yà sọ́nà èémí. Ìyókù ti jókòó sínú ikùn níbi tí kò ti lè ṣe ibi tó pọ̀. Mo wá fún ọmọ lépo kó lè bì. Èébì yẹn gbé kẹrosíìnì padà wá sókè, ó tún mú un gba oríta kan náà kọjá, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ipá, nígbà tí ọmọ ń sunkún, tó ń fa èémí kíkankíkan. Ohun tí kò ráyè wọ ẹ̀dọ̀fóró nígbà àkọ́kọ́, èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un nígbà kejì. Epo pupa náà kò sì jókòó jẹ́ẹ́. Tí ọmọ tó ń wúkọ́ bá ń gbé e mì, òun náà lè gba ọ̀nà èémí wọlé, epo tó bá sì wọ ẹ̀dọ̀fóró kì í tètè kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mílíìkì. Omi iyọ̀ tún léwu lọ́nà mìíràn, nítorí iyọ̀ tó pọ̀ lágọ̀ọ́ ara ọmọdé lè kó bá ọpọlọ rẹ̀.

Àwọn ìyá wa kò purọ́ fún wa o. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n sọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó mu kẹrosíìnì ló jẹ́ pé díẹ̀ báyìí ni wọ́n mu, torí pé òórùn rẹ̀ àti ìtọ́wò rẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n mu púpọ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á wúkọ́ fúngbà díẹ̀, ara rẹ̀ á sì balẹ̀ fúnra rẹ̀, ìbáà mu epo pupa, ìbáà máà mu ún. Epo ló gba ọpẹ́ iṣẹ́ tí kò ṣe. Èyí tó bá sì kú, wọ́n á ní kẹrosíìnì ló pa á, kò sẹ́ni tó máa bi ṣíbí léèrè.

Tó bá ṣẹlẹ̀ lónìí, ohun tí mo máa ṣe kò pọ̀ rárá. Màá gba ìgò lọ́wọ́ ọmọ. Màá bọ́ aṣọ tí kẹrosíìnì ti dà sí kúrò lára rẹ̀, nítorí kẹrosíìnì máa ń bó awọ ara, ọmọ á sì máa fa òórùn rẹ̀ símú. Màá fi ọṣẹ àti omi fọ ibi tó kàn, màá fi aṣọ mímọ́ nu ẹnu rẹ̀. Màá gbé e sí èjìká mi kó wà lóòró, mi ò ní jẹ́ kó sùn sẹ́yìn. Mi ò ní ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun, mi ò sì ní fún un ní nǹkan kan mu. Tó bá bì fúnra rẹ̀, màá tẹ orí rẹ̀ síwájú, màá yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí èébì lè ṣàn jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ilé ìwòsàn, pẹ̀lú ìgò yẹn lọ́wọ́ mi. Ẹni tí kò bá rí ọkọ̀ lè pe 767 tàbí 112, òun ni nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó. Dókítà fẹ́ mọ ohun tí ọmọ mu, ìwọ̀n tó ṣeé ṣe kó mu, àti aago tó mu ún. Ìgò tí a gbé lọ́wọ́ ń dáhùn ìbéèrè méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kódà bí ọmọ bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ gbé e lọ. Ìṣòro ẹ̀dọ̀fóró yìí lè gba wákàtí díẹ̀ kó tó fojú hàn, ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń ní kí ọmọ dúró fún bíi wákàtí 6 kí wọ́n fi máa ṣọ́ èémí rẹ̀. Bí ọmọ bá ń mí kíákíá, tí èémí rẹ̀ ń dún, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, tàbí tó kàn ń tòògbé nígbà tí kì í ṣe àsìkò oorun rẹ̀, ẹ má ṣe dúró de àárọ̀. Pẹtirólù, tínnà àwọn akunlé àti epo táńpẹ́táìnì, ìwà kan náà ni gbogbo wọn ń hù. A lè ti kó sítóòfù kúrò nílé ká máa lo gáàsì, ṣùgbọ́n pẹtirólù jẹnẹrétọ̀ ṣì wà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin ní Ìkòròdú ló ń fi ọṣẹ olómi ṣe òwò báyìí, nínú yàrá tí ọmọ ń sùn ni wọ́n sì ti ń pò ó. Sódà máa ń jó ẹran ara. Ibi tó bá kàn ní ọ̀nà oúnjẹ ló máa bó, tí ojú egbò yẹn bá sì jinná, ó máa ń fún ọ̀nà náà pọ̀ débi pé oúnjẹ kò ní lè kọjá mọ́. Mo mọ ọmọ kan tó jẹ́ pé rọ́bà tí wọ́n gbà ní ikùn rẹ̀ ni wọ́n fi ń bọ́ ọ. Tí a bá mú kí ọmọ tó gbé sódà mì bì, a ti jẹ́ kó jó o lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má sì ṣe fún un lómi ọsàn wẹ́wẹ́ pé kíkan rẹ̀ á pa sódà náà, àwọn méjèèjì máa ń gbóná tí wọ́n bá pàdé. Ẹ fi omi tútù ṣan ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì máa lọ. Tó bá ta sójú, ẹ máa da omi tó mọ́ sójú náà fún ìṣẹ́jú 20 gbáko, bó ti wù kó ké tó.

Ọ̀tapiápiá, oògùn apakòkòrò tó ní èròjà dichlorvos nínú, òun náà kò gbọ́ epo. Tó bá wọlé sára ọmọ, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, òógùn á bò ó, ọmọlójú á sún kì bí orí abẹ́rẹ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á rọ. Ó ń gba awọ ara wọlé pẹ̀lú, nítorí náà ẹ bọ́ aṣọ ọmọ, kí ẹ sì wẹ̀ ẹ́ kíákíá. Oògùn tó ń borí rẹ̀ wà, atropine ni wọ́n ń pè é, ilé ìwòsàn ló wà, kò sí nínú ìkòkò epo. Ní ọdún 2019 ni NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti gbé ìgbésẹ̀ láti kó dichlorvos inú ìgò kékeré kúrò lọ́jà, ó sì dùn mọ́ mi nínú. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń rọ sínú ìgò omi tí kò ní orúkọ lára ṣì wà lórí àtẹ.

Lẹ́yìn tí ọmọ yẹn dé láti ilé ìwòsàn, mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi, mo kúnlẹ̀, mo rá kiri bí ọmọ. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò. Ilé tí ẹ mọ̀ yóò yí padà lójú yín. Abẹ́ ibùsùn tí n kì í rí di iwájú mi gan-an: oògùn eku wà níbẹ̀ nínú ọ̀rá, èmi fúnra mi ni mo fi í síbẹ̀ ní bíi oṣù mẹ́rin ṣáájú. Etí aṣọ tábìlì wà níwọ̀n ọwọ́ mi, fulásíìkì omi gbígbóná sì wà lórí rẹ̀. Báàgì mi wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, síìpù rẹ̀ ṣí.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún mi nígbà tí mo lóyún ló wà nínú báàgì náà. Ẹ bá mi wò ó dáadáa. Ó pupa, ó ń dán, ó rí róbótó, ṣúgà ni wọ́n sì fi pa á lára. Kò sí ohun tó ya òun àti súìtì sọ́tọ̀ lójú ọmọ ọdún méjì. Áyọ́ọ̀nù ló wà nínú rẹ̀, èyí tó ń fún aláboyún lẹ́jẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba hóró díẹ̀ lè pa ọmọ kékeré. Ohun tó ń tan àwọn òbí jẹ nípa rẹ̀ ni pé ọmọ á kọ́kọ́ bì, á yàgbẹ́, lẹ́yìn náà ara rẹ̀ á dà bí èyí tó ti yá, á tún máa ṣeré. Ní wákàtí mélòó kan sí i, ó lè dákú. Nígbà tí ìyá bá lóyún èkejì ni àkọ́bí sábà máa ń wà lọ́jọ́ orí tó ń fi gbogbo nǹkan sẹ́nu, ìgbà yẹn gan-an sì ni oògùn yìí máa ń wà nílé.

Mo tún rí rìmóòtù kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí. Bátìrì pẹlẹbẹ tó dà bí owó ẹyọ ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tó ń wà nínú aago ọwọ́ àti bèbí olórin. Èyí ló yẹ kó máa bà wá lẹ́rù jù, òun ni a kò sì kà sí. Tó bá há sí ọ̀fun ọmọ, itọ́ á so ojú rẹ̀ méjèèjì pọ̀, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, iná yẹn á sì máa sọ itọ́ ọmọ di ohun tó ń jóni bíi sódà ọṣẹ gan-an. Sódà tí ẹ tì mọ́ inú àpótí, bátìrì yìí ń ṣe é lọ́fun ọmọ. Wákàtí 2 péré ti tó fún un láti jó ọ̀nà oúnjẹ lu. Bátìrì tí kò lè tan rìmóòtù mọ́ ṣì ní agbára tó lè ṣe é. Ọmọ tó bá gbé e mì lè má sunkún, ó kàn lè máa da itọ́, kó máa kọ oúnjẹ, kó máa wúkọ́, a ó sì máa rò pé eyín ló ń hù. Ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò inú ara ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Bí ọmọ bá ti ju ọdún kan lọ, tó ń gbé nǹkan mì, tí oyin sì wà nítòsí, ẹ lè máa fún un ní ṣíbí tíì méjì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá lójú ọ̀nà, torí oyin máa ń bo ara ọ̀fun, ó sì ń dín jíjó náà kù. Ṣùgbọ́n ẹ má yà lọ́nà lọ ra oyin. Ẹ má sì ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan rárá. Oyin yìí, ti bátìrì nìkan ni o, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ kẹrosíìnì.

Nínú àpótí aṣọ ni mo ti rí kánfọ̀, funfun, mímọ́, bíi súìtì mííǹtì. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ wa, pàápàá àwọn ọmọkùnrin, kò ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD tó. Kánfọ̀ máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀: ojú á pọ́n bí ìyeyè, ìtọ̀ á dúdú. Fún ọmọ tuntun, òórùn ara aṣọ tí kánfọ̀ ti wà nínú rẹ̀ lásán lè tó láti dá a sílẹ̀. Mo ti kó tèmi dànù.

Ti omi kò ní àlàyé púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ó ń pa ọmọ ju gbogbo èyí lọ. Orí ọmọ tó ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ wúwo ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Tó bá tẹ̀ wo inú korobá, orí ló ń ṣáájú, kò sì lágbára láti gbé ara rẹ̀ padà. Omi tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 5 ti tó. Kì í pariwo, kì í ta omi sókè bí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́, ńṣe ló máa ń dákẹ́. Ẹ da omi fífọ aṣọ nù tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ tán, ẹ dé dúrọ́ọ̀mù, kí kànga sì ní ìdérí tó ní kọ́kọ́rọ́. Pákó tí a kàn gbé lé e lórí kò tó, ọmọ máa ń gun pákó.

Tí omi gbígbóná bá dà sí ọmọ lára, omi tútù tó ń ṣàn ni, fún ìṣẹ́jú 20, láìsí ọṣẹ ìfọyín, láìsí ẹyin, láìsí epo pupa. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ń há ooru mọ́ inú awọ, nọ́ọ̀sì á sì tún ní láti ha wọ́n kúrò lójú egbò kó tó lè tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ igbe ọmọ nígbà tí wọ́n ń ha ọṣẹ ìfọyín kúrò lójú egbò iná kò ní tún fi pa ọmọ mìíràn mọ́.

Àwọn òbí máa ń sọ pé àwọn á kọ́ ọmọ kó má fọwọ́ kan nǹkan. Ẹ kọ́ ọ, ó dára. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún kan àtààbọ̀ tó sọ pé "rárá" tẹ̀lé yín kò tíì lè rántí rẹ̀ nígbà tí nǹkan aláwọ̀ bá ń dán níwájú rẹ̀. Ẹnu ló fi ń mọ ayé. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ohun dídùn ló ti ń tinú rẹ̀ jáde látọjọ́ tó ti dáyé, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé tòní yàtọ̀. Kò sí ọmọ tó ṣàìgbọràn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwa ni a gbé ohun búburú sínú ohun rere, tí a sì gbé e sílẹ̀ níwọ̀n ọwọ́ rẹ̀.

Ìyá ọmọ náà ṣì ń yan ẹja. Kẹ́ẹ̀gì dúdú kan ló fi ń tọ́jú kẹrosíìnì báyìí, irú èyí tí kò jọ ohun mímu rárá, ó sì fi okùn so ó kọ́ ìṣó lókè ẹnu ọ̀nà, níbi tí òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ nàgà kó tó lè mú un. Tó bá fẹ́ dá iná, á kọ́kọ́ gbé ọmọ tó bá wà nítòsí fún ẹlòmíràn. Á bu ìwọ̀nba tó fẹ́ lò sínú àgolo tòmátò kékeré, á dà á sórí igi tán, á gbé kẹ́ẹ̀gì kọ́ padà, lẹ́yìn náà ló máa tó wá ìṣáná.